Àsọdùn Ha Jẹ́ Irọ́ Bí? Ọ̀rọ̀ Lórí Àwòrán Ìpolówó Sinimá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kò sí ẹni tí yóò bá ẹlẹ́kọ wí nítorí pé ó ń kéde pé ẹ̀kọ òun gbóná. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ náà bá ti tutù ńkọ́? Ìbéèrè yìí ni àwòrán ìpolówó sinimá gbé kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá ronú jinlẹ̀.

Láàárín ọdún 1980 sí 1999, àwọn onísinimá alágbèéká ní ilẹ̀ Gánà a máa gbé tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ fídíò àti ẹ̀rọ amúnáwá láti ìlú dé ìlú. Wọn a gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́ láti fi ọ̀dà ya àwòrán eré sára àpò ìyẹ̀fun tí a tú, tí a sì rán pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ayàwòrán kò tíì wo eré náà; àpèjúwe tí a ṣe fún un tàbí àwòrán ara páálí fídíò ni ó ń tẹ̀ lé. Nítorí náà ni ejò ńlá, iwin abìwo àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn fi máa ń wà nínú àwòrán tí wọn kò sì sí nínú eré. Ní ọdún 2000, Ernie Wolfe kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé kan, *Extreme Canvas*.

Àwọn kan yóò ní irọ́ pátápátá ni èyí, nítorí pé owó tálákà ni a fi gbà. Àwọn mìíràn yóò dáhùn pé bí asunrárà bá ní ọdẹ kan fi ojú lásán pa erin, ẹnikẹ́ni kì í pè é ní òpùrọ́. Àṣà ìyìn yé ẹni tí ń sọ ọ́, ó sì yé ẹni tí ń gbọ́ ọ. Níbi tí àṣà bá ti yé tọ̀tún-tòsì, a kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Òótọ́ wà nínú ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Nínú àwòrán ìpolówó fídíò ilẹ̀ wa, àṣà ni pé kí a to ojú àwọn òṣèré sílẹ̀, kí ti ẹni tí ó lókìkí jù sì tóbi jù. Bí òṣèré tí ó yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú eré bá wá ní ojú tí ó tóbi jù lọ ńkọ́? Èyí kì í ṣe àsọdùn mọ́. Ẹni tí ń yin ìrẹsì rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú. Olùrà mọ̀ pé ìyìn ni ìyìn; kóńgò ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Ta ni ó wá jẹ̀bi? Kì í ṣe ayàwòrán tí kò wo eré ni ẹ̀bi náà wúwo lé lórí jù, bí kò ṣe ẹni tí ó wò ó, tí ó mọ ohun tí kò sí níbẹ̀, tí ó sì ní kí a yà á. Bí ẹni náà bá lè dúró ti àwòrán náà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí àwọn òǹwòran ń jáde, kí ó sì wo ojú wọn, àsọdùn ni ó ṣe. Bí ó bá ní láti ká a kúrò kí wọ́n tó jáde, ó ti purọ́.