Ọwọ́ Ọlọ́run Ni Tàbí Ọwọ́ Ayé?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá máa ń bi mí ní láàbù, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa ní ìdáhùn rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Èsì àyẹ̀wò ọmọ á jáde pé SS ni, ìyẹn àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ìyá á di bébà náà mú, á wojú mi, á ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọwọ́ Ọlọ́run ni tàbí ọwọ́ ayé?" Ọkàn rẹ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ, tàbí orogún, tàbí ẹnì kan tó gbé ọmọ náà mọ́ra lọ́jọ́ ìkómọ. Ó sì nídìí tó fi ń rò bẹ́ẹ̀. Ara ọmọ yìí dá ṣáṣá nígbà tí wọ́n bí i. Ó tó bí oṣù mélòó kan kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, kí ó tó máa ké tọ̀sán-tòru. Ta ni kò ní fura?

Ohun tó fà á ni pé haemoglobin, ìyẹn pùrótéènì tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, tí ọmọ ń lò nínú oyún yàtọ̀ sí tàgbà, kì í sì í lẹ̀ mọ́ra. Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni ara ń fi ti àgbà rọ́pò rẹ̀, ìgbà náà ni S, haemoglobin tó ní àléébù, máa ń yọjú. Kò sẹ́ni tó gbé e wá láti ìta.

Ojoojúmọ́ ni mo ń rí S yìí. A ó fọ ẹ̀jẹ̀, a ó bẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kí haemoglobin inú wọn lè jáde, a ó kán díẹ̀ sójú bébà cellulose acetate, a ó tẹ́ ẹ sínú àpótí olómi, a ó sì tan iná sí i. Iná ni yóò máa fà á. Haemoglobin A, èyí tó yè kooro, á ṣíwájú, S á máa wọ́ tẹ̀lé e. Bí a bá rẹ bébà náà sínú aró pupa tán, ilà méjì ni ti AS, ẹni tó ní méjèèjì, ẹyọ kan ni ti SS. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi irú ọ̀nà yìí hàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1949 pé inú pùrótéènì fúnra rẹ̀ ni àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ti ń bẹ̀rẹ̀. Vernon Ingram ní Cambridge ló wá rí ojú ibẹ̀ gan-an, láàárín 1956 sí 1957.

Okùn mẹ́rin ló para pọ̀ di haemoglobin kan. Amino acid ni wọ́n sín sórí okùn náà bí ìlẹ̀kẹ̀: 141 lórí méjì, 146 lórí méjì yòókù. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra ló ń pinnu bí okùn ṣe máa ká, bó sì ṣe ká ló ń pinnu iṣẹ́ tó lè ṣe. Lára S, lórí okùn 146 yẹn, ẹkẹfà ló yí padà. Glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀, èyí tó ní iná lára, tó sì fẹ́ràn omi. Valine, tó máa ń sá fún omi, ló bọ́ sípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí S fi ń lọ́ra lórí bébà: iná ara rẹ̀ dín.

S ń gbé ọ́síjìn. Níwọ̀n ìgbà tí ọ́síjìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, wàhálà kò sí. Tó bá já a sílẹ̀ fún ẹran ara, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀, ìdúró rẹ̀ á yí padà díẹ̀, kòtò kékeré kan á ṣí lára ẹnìkejì rẹ̀, valine á sì forí pamọ́ síbẹ̀ kó lè bọ́ lọ́wọ́ omi. Ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ ìkejì, ìkejì mọ́ ìkẹta, títí wọn á fi di ọ̀pá gbọọrọ tó ń na sẹ́ẹ̀lì kó rí bíi dòjé. Ìrora tó dé nìyẹn.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Valine mìíràn pọ̀ lórí okùn A tó yè kooro, tí àwọn náà ń sá fún omi. Sísá tí wọ́n ń sá wọnú yẹn gan-an ló ń mú kí okùn ká, kó sì dúró digbí. Láìsí i, pùrótéènì tó lè ṣiṣẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní sí lára wa, ìyá kò ní sí, ọmọ kò ní sí. Ẹni tó bá ní kí Ọlọ́run mú agbára yìí kúrò nítorí ọmọ kan, gbogbo ẹlẹ́mìí ló ní kó tú ká. Onígbàgbọ́ ni mí, mo gbà pé Ọlọ́run ló fi òfin yìí lélẹ̀. Pé ó mú ọmọ yìí láàárín àwọn ọmọ yòókù, tó sì dájọ́ fún un, n kò gbà.

N kò sì fara mọ́ àwọn tó ń wàásù pé ẹ̀ṣẹ̀ baba ló ń jà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù ní irú ìbéèrè yẹn nípa afọ́jú inú Jòhánù orí 9, ó sì wẹ ọkùnrin náà àti àwọn òbí rẹ̀ mọ́. Bí a bá tiẹ̀ ń wá ohun tí àwọn baba wa fi sílẹ̀, ibà ni ká wò. Anthony Allison fi hàn lọ́dún 1954, ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pé S kan ṣoṣo máa ń dáàbò bo ẹni tó ní i lọ́wọ́ ibà. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan jẹ́ AS. Ọ̀pọ̀ nínú wa wà láyé nítorí pé S gba ẹnì kan sílẹ̀ nínú ìran wa. N kò lè pè é ní ègún. Síbẹ̀, tí mo bá rí orúkọ àbíkú bíi Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́ nínú ìwé orúkọ, mo máa ń dúró díẹ̀. Oríṣiríṣi àìsàn ló ń pa ọmọ láyé ọjọ́un, kì í ṣe èyí nìkan, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú àwọn ìyá tó sọ ọmọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo àlàyé yìí kọ́ ni mò ń ṣe fún ìyá tó dúró níwájú mi. Mo ń sọ fún un pé kì í ṣe ọwọ́ ayé, kó má lọ bá ẹnikẹ́ni jà nílé. Kó máa fún ọmọ lómi dáadáa, kó má jẹ́ kí òtútù mú un, kó má fi oògùn ibà àti folic acid rẹ̀ ṣeré, kó má sì pa ọjọ́ kílíníkì jẹ.

Ní 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan, Casgevy, tó ń jí haemoglobin inú oyún yẹn padà lára àgbà. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ. Ohun tó lè gba ọmọ yìí wà lára rẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, owó àtijí i ni kò sí. Èyí ni mo ń gbé lọ síwájú Ọlọ́run báyìí, mo sì ń sọ ọ́ fún ìjọba àti fún àwọn ìjọ wa tó ń kọ́ yunifásítì àti ọsibítù.