Òṣùwọ̀n Ahọ́n àti Òṣùwọ̀n Ọwọ́



Àwọn amòye kan wà tí nwọ́n nfi ìbéèrè wádìí bí ọ̀ràn ilẹ̀, omi àti igbó ti jẹ ènìà lógún tó. Ní ọdún 1978, Riley Dunlap àti Kent Van Liere ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún iṣẹ́ yi. Nígbà tí a tún un ṣe ní ọdún 2000, ó di gbólóhùn 15. Ẹni tí ó bá gba 8 nínú wọn fi hàn pé on náání ẹ̀dá. Ẹni tí ó bá gba 7 ìyókù fi hàn pé lójú on, ènìà li ọ̀gá ohun gbogbo. Nítorí na, ẹni tí nwí "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀ láìronú kò lè rí ìyìn gbà.

Ní ọdún 1992, ilé-iṣẹ́ Gallup bi àwọn ènìà orílẹ̀-èdè 24 léèrè nípa ọ̀ràn yi kan na. Nàìjíríà wà nínú wọn. Àwọn kan ti rò pé olówó nìkan ni í ṣe irú àníyàn bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn nã sọ èrò wọn di asán: àníyàn pọ̀ ní ilẹ̀ àwọn tálákà pẹ̀lú.

Ẹ̀rí rere li èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nwọ̀n, kì íṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ẹnu sì dùn-ún rò'fọ́. Ẹ rántí àwọn ọmọ méjì inú Matteu orí 21. Èkíní kọ̀ láti lọ sí ọgbà àjàrà, ṣùgbọ́n ó yí ọkàn padà, ó sì lọ. Èkejì fi ọ̀wọ̀ jẹ́ bàbá rẹ̀, kò sì lọ. Bí a bá ti gbé ìwé ìbéèrè tọ̀ wọ́n lọ li òwúrọ̀ ọjọ́ na, èkejì ni ìbá gba gbogbo máàkì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọkọ́ tani ó ní erùpẹ̀ lára?

Bí a bá bi wá léèrè nínú ilé Ọlọ́run, gbogbo wa ni yio nawọ́ sókè. Kíni gọ́tà ẹ̀hìnkùlé wa yio wí, tí ọ̀rá ti dí? Kíni kùkùté igi tí a gé, tí a kò gbin òmíràn dípò rẹ̀, yio wí?

Ẹ̀nyin olùkọ́, ẹ bi àwọn ọmọ nyín léèrè, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Lẹ́hìn na, kí ẹ bá wọn jáde lọ sí àgbàlá, kí ẹ wo ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà kọ́kọ́ dán ara wa wò. Ọlọ́run kò bi Ádámù bí ó bá fẹ́ràn ọgbà Édẹ́nì. Ìtọ́jú rẹ̀ li ó fi lé e lọ́wọ́.

Kí Olúwa fún wa li oore-ọ̀fẹ́ láti ṣe ohun tí ahọ́n wa ti jẹ́wọ́. Àmín.