Ta Ló Ni Àṣeyọrí? Ẹgbẹ́ Òǹkàwé àti Ìwé Ìdàgbàsókè Ara Ẹni

Ìwé lórí òwò àti ìdàgbàsókè ara ẹni wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òǹkàwé máa ń yàn láti kà lóṣooṣù. Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà nídìí púpọ̀ nínú wọn: pé ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe, ọwọ́ ẹni náà la sì fi ń wá ọrọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ òwò lọ. Ìbéèrè tó ti ń da àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́sìn láàmú tipẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣoríire, ta ló ni oríire náà? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni, àbí Ẹlẹ́dàá tó yàn án fún un, àbí àwọn èèyàn tó yí i ká? Ohun tí àwọn ìwé náà ń wí ni pé òun fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn bí àwọn ìwé ọ̀hún ṣe dáyé ń jẹ́rìí sí nǹkan mìíràn.

Benjamin Franklin ni a lè pè ní baba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 21 ni, ó ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Philadelphia, nígbà tó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ní 1727 sínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n pè ní Junto. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń pàdé. Èèyàn ńlá kò pọ̀ nínú wọn: atẹ̀wé wà níbẹ̀, kafíńtà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni awọnlẹ̀, ẹni tó ń fi gíláàsì sí fèrèsé, àti akọ̀wé tó ń da ìwé àdéhùn kọ. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú ìbéèrè wá nígbà tó bá kàn án, yálà lórí ìwà, lórí ìṣèlú tàbí lórí ìmọ̀ ìṣẹ̀dá, ó sì gbọ́dọ̀ ka àròkọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nírọ́ lójúkojú yóò san owó ìtanràn díẹ̀. Àwọn ìbéèrè kan sì wà tí wọ́n máa ń tún bi ara wọn ní ìpàdé: òwò ta ló dẹnukọlẹ̀ nínú ìlú láìpẹ́, kí ló sì fà á? Ọwọ́ ta ló ń ròkè, ọ̀nà wo ló gbà? Ọ̀dọ́ oníṣẹ́ wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró tí ẹgbẹ́ lè tì lẹ́yìn? Ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò bi òun ní irú ìbéèrè yìí kò ní kàwé bí ẹni tó ń pa ìrọ̀lẹ́.

Inú ẹgbẹ́ yìí ni èrò pé kí wọ́n kó ìwé wọn jọ síbì kan ti wá. Nígbà tó di 1731, Franklin dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ tí àádọ́ta èèyàn kọ́kọ́ dáwó fún, ṣílè 40 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tó kan àṣeyọrí Franklin fúnra rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n ni gbèsè tó wọ ilé ìtẹ̀wé rẹ̀. Baba ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò ló ṣèlérí owó irinṣẹ́, kò sì rí i san tán. Wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì lẹ́jọ́. Méjì nínú ọmọ ẹgbẹ́ Junto, William Coleman àti Robert Grace, tọ Franklin wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èkíní kò mọ̀ pé èkejì wá, wọ́n sì fi owó lọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n. Owó yẹn ló fi di ẹni tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, Joseph Breintnall, ló bá a gba ọ̀kan lára iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó tẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ìjọ Quaker. Ọkùnrin tí ayé ń tọ́ka sí pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ ga kò fi èyí pa mọ́; òun ló kọ ọ́ sínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

Ọ̀nà tó gbà tún ìwà rẹ̀ ṣe náà kò yàtọ̀. Franklin ka ìwà rere sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ọ̀sẹ̀ kan kíyè sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi àmì dúdú sínú ìwé kékeré fún gbogbo ibi tó bá ti kùnà. Méjìlá ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker ló sọ fún un pé àwọn èèyàn kà á sí agbéraga, pé kì í tó o láti borí nínú àríyànjiyàn àfi kó tẹ́ni. Ìgbà náà ló fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un, tí ó fi di 13. Àléébù tó wúwo jù lọ ni ojú tirẹ̀ kò rí.

Max Weber, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Jámánì, mú ẹ̀kọ́ Franklin yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ tó kọ ní 1904 àti 1905 lórí ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì àti ẹ̀mí òwò ìgbàlódé. Ìmọ̀ràn tí Franklin kọ sí ọ̀dọ́ oníṣòwò ní 1748 wà lára ohun tó fi ṣe ẹ̀rí. Weber rí i pé èrè ló ń bá gbogbo ìwà rere inú rẹ̀ rìn: òtítọ́ dára nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n lè yáni lówó, àìṣèmẹ́lẹ́ dára nítorí ẹni tí a jẹ lówó ń wò wá. Bí a bá tẹ̀ lé èyí dé òpin, ẹni tó ń díbọ́n òtítọ́ tí èrè rẹ̀ sì pé kò nílò òtítọ́ mọ́. Franklin fúnra rẹ̀ gbà pé ìrísí ìrẹ̀lẹ̀ ni ọwọ́ òun tó, pé òun kò lè fi ìrẹ̀lẹ̀ gan-an yangàn. Weber tọpa ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Calvin, tí wọ́n gbà pé Ọlọ́run ti yan ẹni tí yóò là kí ayé tó wà, tí iṣẹ́ ọwọ́ kankan kò sì lè yí i padà. Ẹ̀rù bà wọ́n nítorí wọn kò mọ ibi tí àwọn wà, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìtẹ̀síwájú lẹ́nu iṣẹ́ bí àmì. Nígbà tí ìgbàgbọ́ náà ṣá, àmì kù. Ibi tí ewu ìwé ìdàgbàsókè ara ẹni wà gan-an nìyí: bí ọrọ̀ bá jẹ́ ẹ̀rí ìwà rere, ìṣẹ́ di ẹ̀rí ẹ̀bi, a ó sì máa bi ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ṣe.

Ẹ̀sùn Weber wúwo, ó sì tọ̀nà nípa ìmọ̀ràn tó wà lórí ìwé. Kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìpàdé Junto ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Alágàbàgebè lè tan oníbàárà jẹ fún ọdún púpọ̀. Ó ṣòro kó tan àwọn tó ń jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ jẹ.

Ìwé tó wá sọ ẹ̀kọ́ yìí di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé ni Self-Help, tí Samuel Smiles kọ. Ará Scotland ni Smiles, dókítà sì ni, ṣùgbọ́n ìlú Leeds ló ń gbé nígbà tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ń pàdé nírọ̀lẹ́ ìgbà òtútù láti kọ́ ara wọn ní ìwé kíkà àti ìṣirò. Iye wọn ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi háyà ilé kan tí wọ́n ti tọ́jú àwọn tí àrùn onígbá-méjì kọ lù, ilé tí ẹlòmíràn kò fẹ́ gbé. Wọ́n ní kí Smiles wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní 1845, ọ̀rọ̀ tó bá wọn sọ ló sì dàgbà di ìwé. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde kan kọ̀ ọ́ ní 1855. Nígbà tí atẹ̀wéjáde John Murray gbé e jáde ní 1859, ẹ̀dà 20,000 tà lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tó sì di 1871 Nakamura Masanao ti tú u sí èdè Japan. Smiles rí i pé àwọn kan ń fi orúkọ ìwé náà pe ìmọtara-ẹni-nìkan. Ní 1866 ó fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú tuntun ṣàlàyé pé ríran ara ẹni lọ́wọ́, bó ṣe yẹ kó rí, kò ṣe é yà kúrò lára ríran aládùúgbò lọ́wọ́. Àlàyé yẹn kò tàn tó orúkọ ìwé náà, ó sì ṣeni láàánú pé kò tàn tó o.

Èrò Yorùbá nípa orí kò gbà kí ọ̀rọ̀ yìí dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Orí ni àyànmọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn dé ibi tí orí yàn. Nínú ìtàn Ifá nípa ilé Àjàlá amọrí, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ yan orí. Oríṣeékú àti Orílèémèrè kánjú, wọ́n gbé orí tó dára lójú, òjò sì bà á jẹ́ lọ́nà. Afùwàpẹ́ ti kọ́kọ́ ṣe ohun tí àwọn babaláwo sọ. Ó fi iyọ̀ ṣe oore fún oníbodè, oníbodè kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe, ó bá Àjàlá san gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, Àjàlá náà sì bá a mú orí tó le. Àní níbi tí ẹ̀dá ti ń yan ìpín, ẹni tó rí tirẹ̀ yàn dáadáa kò dá a yàn. Ìgboyà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí Self-Help kò ní, nítorí ó gba ìsapá, ó gba ìpín, ó sì gba ọwọ́ ẹlòmíràn, láìfi ọ̀kankan pa èkejì.

Àwọn ìwé ọ̀rúndún ogún tẹ̀ lé ipa kan náà. Dale Carnegie ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ sísọ ní YMCA ní New York láti 1912 kí ìwé rẹ̀ lórí bíbá èèyàn ṣọ̀rẹ́ tó jáde ní 1936. Inú kíláàsì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wá. Napoleon Hill, tó fi ìwé rẹ̀ ti 1937 kọ́ni pé èrò inú ló ń di ọrọ̀, ya orí kan sọ́tọ̀ fún agbára àwọn tó fìmọ̀ ṣọ̀kan. Láàárín ìgbà náà, Book-of-the-Month Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1926 mú ọ̀nà mìíràn wá: àwọn adájọ́ ń yan ìwé lóṣooṣù, ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé e dé ilé. Orúkọ ẹgbẹ́ ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé. Ìwé lè dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn báyìí láìsí ẹni tí yóò bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi ṣe.

Ẹgbẹ́ Franklin náà ní ibi tó kù sí. Junto kò gbà ju èèyàn méjìlá lọ, kò sì sí obìnrin nínú wọn. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ kó pọ̀ sí i, Franklin dábàá pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà sì jáde. Ẹrú kò sí níbi ìjókòó kankan. Franklin fúnra rẹ̀ ní ẹrú, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń gba ìpolówó títà wọn. Kò sí ìwọ̀n àìṣèmẹ́lẹ́ tó lè sọ ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn di ọlọ́rọ̀. Ní 1787 ó di ààrẹ ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti níní ẹrú ní Pennsylvania, ní oṣù kejì 1790 ó sì fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ ẹgbẹ́ náà sí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà pé kí wọ́n fòpin sí i. Àwọn aṣòfin kò gbà. Oṣù kẹrin ọdún yẹn ni Franklin kú.