Ẹ Bi Ifá Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Ìpìlẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni mo bá wá lónìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹsẹ Ifá ṣe máa ń lọ. Á dárúkọ awo, á dárúkọ ẹni tí wọ́n dífá fún, á wá sọ ohun tó gbé onítọ̀hún wá. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni kí ẹ fetí sí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹsẹ, ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni: ó ń lọ sóko, ó ń lọ sọ́jà, ó ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé. Kò tíì débẹ̀. Ìgbà tí ọ̀nà ṣì wà níwájú ló bi Ifá. Àwọn àgbà ṣáà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún.

Àwa tí à ń kọ́lé lóde òní ńkọ́? A ó ti to búlọ́ọ̀kù dé ojú fèrèsé kí a tó rántí bèèrè.

Ọkùnrin kan wá bá mi nígbà kan. Ìpìlẹ̀ ilé ilẹ̀ ló fi lélẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló bá fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e. Bíríkìlà ní kò sí wàhálà. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi rúbọ kí ilé má wó."

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹbọ tí mo bá rú, Èṣù á gbé e dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n kò ní di irin nínú òpó ilé rẹ. Lọ mú ẹnjiníà wá ná."

Inú bí i. Ó ní, "Àbí ẹ ò gba Ifá gbọ́ mọ́ ni?" Mo ní torí mo gbà á gbọ́ ni.

Ẹnjiníà gbẹ́ ẹsẹ̀ ilé wò, ó ní kò lè gbé òkè. Owó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló fi kọ́ yàrá méjì sẹ́yìnkùlé. Ìyá wà níbẹ̀ títí di òní, kò sí àtẹ̀gùn tó ń dùn ún lórúnkún.

Ẹ má rò pé mò ń dẹ́rù bà yín. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, l'Ékòó. Àwọn tó kú lé ní 40.

Ifá fúnra rẹ̀, létòlétò ló ń ṣiṣẹ́. Odù á kọ́kọ́ hàn. A ó wá fi ìbò bèèrè: ṣé ire ni àbí ibi? Bó bá jẹ́ ire, ire wo? Àìkú ni, ajé ni, àbí ibùjókòó? Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó bèèrè ẹbọ. A kì í ra ewúrẹ́ sílẹ̀ kí Ifá tó sọ ohun tí òun ó gbà. Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ra ọgọ́rùn-ún àpò sìmẹ́ǹtì jọ lásìkò òjò, tí kò tíì ya àwòrán ilé: òkúta ni yóò bá nínú àpò.

Torí náà, kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ bi Ifá nípa ilẹ̀ náà. Ẹ bi àwọn ará àdúgbò ibi tí ọ̀gbàrá ń gbà. Ẹ jẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣálángá. Ẹ bi ara yín pé ta ni yóò gbé ilé yìí ní ogún ọdún sí i, ta ni kò ní lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Bí ẹ bá ní òkè lọ́kàn, òní ni kí ẹ sọ fún ẹnjiníà, nítorí ìpìlẹ̀ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lẹ́yìn.

Ifá á fún wa ní ire ibùjókòó. Ilé tí a kọ́ kò ní di ibojì wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.