Aṣọ tí Dọ́káàsì Rán

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36-42. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jọ́pà, aṣọ tí ó rán ni àwọn opó ń fi han Pétérù tẹkúntẹkún.

Àwa náà fẹ́ràn aṣọ. Bí àjọ̀dún ẹgbẹ́ bá dé, a óò mú ankárá. Ṣùgbọ́n opó tí kò rí owó rẹ̀ san yóò jókòó sílé, ojú yóò máa tì í. Ẹ jẹ́ kí a máa yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ra ti irú wọn, ní ìkọ̀kọ̀, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí a bá lọ, kí ni àwọn opó yóò rí tọ́ka sí nípa tiwa?

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.