Ọrùn Ta Ni Ẹ̀jẹ̀ Náà Wà?

Ọdún 1945 ni wọ́n dá ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, nítòsí Yábàá, sílẹ̀ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Eegun ṣeé tò. Ẹ̀rí ọkàn sójà tó pààyàn ńkọ́?

Nígbà ogun Bìáfíra, ní 1967, Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, fún àwọn sójà rẹ̀ ní òfin: wọn ò gbọdọ̀ pa aboyún, wọn ò gbọdọ̀ ba ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí jẹ́, ẹni tó bá sì túúbá, kí wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Òfin tó dáa, lórí ìwé. Ní October ọdún náà, àwọn ará Àsàbà jó jáde láti kí àwọn sójà ìjọba káàbọ̀. Àwọn sójà náà ya ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n yìnbọn pa ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn.

Ní 1968, ọ̀gá sójà kan yìnbọn pa ẹni tí wọ́n ti dè, níwájú kámẹ́rà àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba ní kí wọ́n yìnbọn pa òun náà, kámẹ́rà sì tún wà níbẹ̀. (Ká ní kò sí kámẹ́rà ńkọ́?)

“Ọ̀gá ló ní kí n ṣe é” ni àwáwí sójà láti ayébáyé. Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀: ebi ń pa á, ẹ̀rù ń bà á, ẹni tó bá kọ àṣẹ lójú ogun lè bá a lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá gbà pé ìwà oníkálukú ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀bi ẹni tó pàṣẹ wúwo. Kò pa ti ẹni tó yìnbọn rẹ́.

Gowon tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Àsàbà ní 2002.