Bí Omi Ò Bá Lọ́tàá, Ta Ló Ń Bà Á Jẹ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Fẹlá fi òwe yìí kọrin lọ́dún 1975. Ìbéèrè tèmi ni pé, bí omi ò bá lọ́tàá, ta ló ń bà á jẹ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká wo adágún Volta ní Gánà, tí ìdídò Akosombo bí lọ́dún 1965. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sin ẹja epìyà nínú àgò aláwọ̀n. Àgò yìí ò ní ògiri bíi táǹkì símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé ní Mushin. Oúnjẹ tí ẹja ò jẹ tán àti ìgbẹ́ rẹ̀ ń já sínú omi, wọ́n ń ṣe ajílẹ̀ fún ewédò. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá ń jẹrà, á fa atẹ́gùn inú omi tán, ẹja ò ní rí èémí mí. Ní ìparí 2018, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní ISKNV tún wọ Volta, ó pa ẹja rẹpẹtẹ. Omi kan náà ni gbogbo àgò ń lò.

Ta ló jẹ̀bi? Ẹni tó ní àgò mẹ́ta á ní, "Kí ni tèmi fẹ́ ṣe nínú alagbalúgbú omi báyìí?" Òótọ́ ló sọ o! Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ náà ń sọ òótọ́ kan náà, ẹni tó tẹ̀ lé e náà ń sọ ọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òun náà la fi ń ba nǹkan jẹ́.

Àwọn kan á ní kí ìjọba fòfin dè é pátápátá. Èmi ò gbà. Kí la fẹ́ máa jẹ? Òkú Èkó tá à ń rà lọ́jà, ilẹ̀ òkèèrè la ti ń kó o wá. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ ò sí nínú sísin ẹja. Inú àìkà ló wà. Ẹni tó bá ń lo omi gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n ka àgò tiẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíì: kí wọ́n díwọ̀n iye tí omi lè gbà, kí àgò jìnnà síra, kó sì jìnnà síbi tí wọ́n ti ń fa omi mímu.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983, wà lára ibi tí omi ẹ̀rọ Èkó ti ń wá, bó bá tiẹ̀ yọ! Omi táǹkì ẹja tí wọ́n ń dà sí gọ́tà nílé wa ńkọ́? Ọ̀sà ló ń lọ. Bí a ò bá ka tiwa, ẹnu wo la fẹ́ fi bá ará Volta wí?

Òótọ́ ni, omi ò lọ́tàá. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ la pọ̀ jù, tí a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà wá.